Àbá: ẹ jẹ́ ká pè é ní "àdàjù ẹ̀jẹ̀"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

"Ìsun ẹ̀jẹ̀" ni àbá tó wà nílẹ̀ láti fi túmọ̀ "postpartum haemorrhage" sí Yorùbá, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ẹ̀mí ìyálọ́mọ lẹ́yìn ìbímọ. Mi ò fara mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó bímọ tí ẹ̀jẹ̀ kì í sun lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì sí àìsàn níbẹ̀. Ibi tó ti kọjá ààlà ni agbẹ̀bí ń ṣọ́, èdè wa sì ti mọ bí a ṣe ń sọ ìyẹn: àjẹjù, àmujù, àṣejù. Àdàjù ẹ̀jẹ̀ ló yẹ.

Ààlà yẹn ní ìwọ̀n. Ó ti pẹ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi mìlílítà 500 láàárín wákàtí 24 ṣe é, bí omi inú píọ́wọ́tà kan. Ojú lásán kì í rí i bó ṣe pọ̀ tó, torí aṣọ á ti fà á mu. Nínú ìwádìí E-MOTIVE, ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, ọ̀rá tó ní ìlà ìwọ̀n ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyálọ́mọ ní apá kan nínú àwọn ilé ìwòsàn náà. Bó bá ti pọ̀ jù, agbẹ̀bí á ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójú ẹsẹ̀: á fọwọ́ ra ilé ọmọ, á fún un ní oxytocin (oògùn tó ń mú ilé ọmọ súnkì) àti tranexamic acid (oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró), á fa omi sí i lára, á wò bóyá ojú ara ya tàbí ibi ọmọ ṣẹ́kù sínú. Èsì jáde ní 2023: àdàjù tó le, tàbí èyí tó yọrí sí iṣẹ́ abẹ tàbí ikú, jẹ́ 16 nínú 1,000 níbi tí wọ́n ti ṣe é, 43 níbi tí wọn ò ti ṣe é.

Ẹnì kan bèèrè pé èyí tó ń kán tó-tó-tó ńkọ́, tí kò "dà"? Ìbéèrè gidi ni. Òun ló ń tanni jẹ jù. Ilé ọmọ tí kò súnkì ló sábà ń fà á: agbẹ̀bí á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìsàlẹ̀ ìdodo, dípò kó le bí bọ́ọ̀lù, á rọ̀ bọ̀jọ̀bọ̀jọ̀. Nígbà mìíràn ìtọ̀ tó kún inú ni kò jẹ́ kó súnkì, á kọ́kọ́ ní kó tọ̀. Ṣùgbọ́n "jù" ló gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bó kán, bó ya, tó bá ti kọjá ìlà, àdàjù ni.

Ohun kan péré ló ń kọ mí lóminú: bí a bá kọ ọ́ láìfàmì sí i lórí fóònù, ẹlòmíì lè kà á bí "dájú". Ẹ má ṣe jẹ́ ká yọ "ẹ̀jẹ̀" kúrò lẹ́yìn rẹ̀.