Obìnrin mẹ́ta lójú ọ̀nà kan náà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará ilé, ọkàn mi ò balẹ̀. Láàárín oṣù méjì, ẹnìkan ti fi irin lu obìnrin mẹ́ta lórí ní ìdájí, lọ́nà odò ẹ̀yìn àdúgbò wa n'Ìbàdàn. Àbúrò mi ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Kò rójú ẹni náà, ó ní ó ń rùn bí kẹrosíìnì. Àgọ́ ọlọ́pàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti fẹjọ́ sùn. Mo ní kí wọ́n da ẹjọ́ pọ̀, ọ̀gá tó wà ní káńtà ní kí lọmọbìnrin ń wá níta ní aago márùn-ún. Búrẹ́dì ló ń lọ gbà tà! Aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ rẹ̀ wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, màmá wa fẹ́ fọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò sì ti ń wá táyà nítorí adẹ́mu kan. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì: Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí màmá bu omi sí i o! Ẹ sá a sínú yàrá kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi bébà wé e. Ẹ má fi ọ̀rá wé e, yóò bu. Tó bá ju lílù lọ, kó dé ọsibítù kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tó ń dènà HIV.

Ẹ̀gbọ́n Leeds: Níbí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Peter Sutcliffe pa obìnrin 13 láàárín 1975 sí 1980. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lọlọ́pàá bi í léèrè tí wọ́n fi í sílẹ̀. Káàdì ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ti ìhín ò mọ ti ọ̀hún. Àwọn tó mórí bọ́ ṣàpèjúwe irùngbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì òpùrọ́ kan tó pe ara rẹ̀ ní apànìyàn náà lọlọ́pàá gbà gbọ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Ẹ kọ gbogbo ohun tí àbúrò yín rántí kó tó gbọ́ tẹnu àwọn yòókù. Ẹ wá kó ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú lẹ́tà kan lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Ìyágànkú, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín.

Ìyá Ìkòròdú: Ẹ bá mi gba táyà yẹn lọ́wọ́ wọn. Ní 2017, nígbà ẹgbẹ́ apànìyàn Badoo, àwọn èrò tó ń fura pa aláìṣẹ̀ níbí. Aláwàdà kan wà lára àwọn tí wọ́n pa.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Aṣọ ti wà lórí okùn. Bó ṣe ń sọ ọ́ tí mò ń kọ ọ́, ó rántí pé ẹni náà ń tiro. Adẹ́mu yẹn kì í tiro, ọ̀pẹ ló ń gùn lójoojúmọ́. Mo ti lọ sọ fún baálẹ̀. Lọ́la, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lọ sí Ìyágànkú.