Ta ni wọ́n ti fi iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ AI láì béèrè? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Akéwì Ìsẹ́yìn: Ewì ìgbéyàwó ni mo máa ń ké sórí YouTube, ó ti pẹ́. Ọmọkùnrin kan pè mí fún ìnáwó ẹ̀, a ò jọ gbà lórí owó, ló bá fi ewì kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé AI ti kọ ọ́ fún òun lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kà á, mo rí "òdòdó tó yọ lẹ́ẹ̀rùn", bí mo ṣe máa ń ki ìyàwó nìyẹn, èmi ni mo dá a sílẹ̀, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu akéwì kankan rí. Inú mi ò dùn rárá.

Ọmọ Agbẹ̀dẹ: Ẹ̀yin náà ò kọ́ ewì lẹ́nu àwọn tó ṣáájú yín ni sà?

Akéwì Ìsẹ́yìn: Mo kọ́ ọ. Bàbá mi ló mú mi lọ bá ọ̀gá mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé ẹrù wọn, mo gba fírídọ̀mù, títí dòní tí mo bá di máíkì mú mo gbọ́dọ̀ júbà wọn kí n tó lanu. AI yìí, ta ló júbà?

Ìyá Ìbejì: TA LÓ JÚBÀ 🙌🏾

Títí Olóhùn: Wọ́n sanwó fún èmi o, àwọn kan ní kí n máa ka gbólóhùn Yorùbá sínú fóònù, wọ́n ní ìwádìí ni. Ọkọ mi ló gbọ́ ohùn mi nínú ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ó ní ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í tajà.

Ọmọ Agbẹ̀dẹ: Ṣebí ẹ sáìnì.

Títí Olóhùn: Mo sáìnì fún ìwádìí! Jẹ̀díjẹ̀dí ò sí nínú ẹ̀.

Lọ́yà Àdúgbò: Ní June 2025, adájọ́ William Alsup ní San Francisco sọ pé òfin ò lòdì sí kéèyàn fi ìwé tó rà kọ́ AI, àmọ́ àwọn ìwé tí wọ́n jí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí Anthropic, iléeṣẹ́ tó ń ṣe AI, lọ kó pa mọ́, ìyẹn lẹ́jọ́ nínú. Anthropic wá gbà láti san bílíọ̀nù 1.5 dọ́là fún àwọn tó ni ìwé, nǹkan bíi 3,000 lórí ìwé kan. Ibi tó ká mi lára ni pé ìwé tí wọn ò bá fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì copyright Amẹ́ríkà ò sí nínú ẹ̀. Ta ló ń tẹ̀wé ní Ṣómólú tó mọ̀nà ibẹ̀?

Èdè Wa: Ẹ má bínú sí mi, èmi wà lára àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá. JW300 tó jáde ní 2019, ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní èdè tó lé ní 300, òun la gbára lé jù. Nígbà tí Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní èdè Áfíríkà, béèrè àṣẹ, àwọn Ẹlẹ́rìí ní rárá, wọ́n sì gbé JW300 kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ wa dẹnu kọlẹ̀, àmọ́ ẹni tó ni nǹkan ló sọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyá Ìbejì: Abájọ tí AI fi ń sọ Yorùbá bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ Sátidé 😂😂

Ọmọ Ìkòyí: Oríkì wá ńkọ́? Ta ni wọ́n máa bẹ̀ fún ìyẹn?

Ọmọ Agbẹ̀dẹ: Oríkì ò lólówó, gbogbo Yorùbá ló ni ín.

Ọmọ Ìkòyí: Irọ́ o. Ìdílé ló ni ín. Kí wọ́n wá bá àgbà ilé wa.

Ìyá Ìbejì: Àgbà wo, ti Ìbàdàn àbí ti Èkó? Ṣé wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ látìgbà ìsìnkú yẹn?