Bàbá mi ń fi ojú kún etí

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ìrírí tèmi dá lórí bàbá mi, tí etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Bí iná bá wà ní pálọ̀ lálẹ́, a jọ máa ń tàkurọ̀sọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọn á ní, "Gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn wá o, mi ò gbọ́ nǹkan tí ò ń sọ." Ojú tèmi ni wọ́n ń fẹ́ kí n tan tọ́ọ̀ṣì náà sí, kì í ṣe tiwọn, bí mo bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ a tún máa lọ geere.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àgbàlagbà nìkan. Ní 1954, àwọn olùwádìí méjì, Sumby àti Pollack, fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí ariwo bá ṣe ń pọ̀ tó ni rírí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe ń ṣèrànwọ́ tó, kódà fún ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáká.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni iṣẹ́ tí Harry McGurk àti John MacDonald ti Yunifásítì Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1976. Wọ́n gbé ohùn tó ń pe "ba" sórí àwòrán obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ ń pe "ga", èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àgbàlagbà tó wò ó sì ní "da" ni àwọn gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò pe "da" níbẹ̀. Mo wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí mo dijú, "ba" ni mo gbọ́ kedere. Bí mo ṣe lajú, "da" ni. Mo mọ àṣírí rẹ̀, síbẹ̀ kò yí ohunkóhun padà, nítorí pé ọpọlọ ti da ohun tí ojú rí pọ̀ mọ́ ohun tí etí gbọ́ kí èmi fúnra mi tó mọ̀ pé mo gbọ́ nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí ìbòmú ìgbà kòrónà fi ni bàbá mi lára púpọ̀. Nílé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo mọ́ wọn, wọ́n rò pé etí wọn ti di pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé ètè tí wọn kò rí ló fa ìṣòro náà jù.

Ibi kan wà tí ojú kì í ti í lè gba etí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú èdè tiwa: ọ̀nà ọ̀fun ni a ti ń gbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, ètè kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fi í hàn. Àlejò kan sọ fún bàbá mi pé ọkọ̀ lòun fẹ́ tà, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì bi í bóyá ọkọ́ náà ṣì mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú òbí tí etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, báwo ni ẹ ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Èmi máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn, bíi "ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́", "ọkọ́ tí a fi ń roko".