Ọ̀pọ̀tọ́ tí òtútù ò lè pa tán: èrò mi lórí àwọn orúkọ tí a dábàá

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ti ka gbogbo ohun tí a sọ lórí ìbéèrè àbúrò wa tó ń gbé ní Toronto, mo sì fẹ́ dá sí i kí ọ̀rọ̀ náà tó di ìgbàgbé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: ọmọ Ìjerò-Èkìtì ni àbúrò wa yìí. Ilé tó rà lọ́hùn-ún ní igi ọ̀pọ̀tọ́ kan lẹ́yìnkùlé, bàbá ará Ítálì kan tó ti ni ilé náà rí ló gbìn ín. Bàbá náà ti dolóògbé, kò sì sí ẹni tó lè sọ irú ọ̀pọ̀tọ́ tó jẹ́. Lọ́dọọdún ni òtútù ń pa á dé ilẹ̀, lọ́dọọdún ló sì ń hù padà, tó ń so èso dúdú aládùn. Àbúrò wa fẹ́ gé nínú rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́, ó sì fẹ́ kọ bí a ṣe ń ṣe é sílẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta: kí ni ká máa pe igi tí òtútù kì í pa tán, kí ni ká máa pe irú tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, kí ni ká sì máa pe iṣẹ́ sísọ igi kan di púpọ̀.

A ò tíì dé orí ọ̀kankan nínú wọn tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkéré ti ní kí a má tilẹ̀ pè é ní ọ̀pọ̀tọ́. Wọ́n ní igi inú igbó wa ni ọ̀pọ̀tọ́, èyí tó máa ń so jìngbìnnì mọ́ ara igi gan-an, tí àdán àti ẹyẹ ń jẹ. Pé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló yá orúkọ rẹ̀ fún igi ilẹ̀ Kénáánì, kí a sì máa pe ti Toronto ní fíìgì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ èyí. Ẹ já ewé ọ̀pọ̀tọ́ tó wà létí odò nílé wa, oje funfun á sun jáde. Ẹ já ti Toronto, oje funfun náà ni. Ẹ wá la èso méjèèjì wò. Ohun tí à ń pè ní èso yẹn, àpò ni, inú rẹ̀ ni òdòdó rẹ̀ wà, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, kì í yọ síta láéláé. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó rí òdòdó ọ̀pọ̀tọ́ rí lórí igi. Kòkòrò tí a máa ń bá nínú ti ilé wa, tí àwọn ọmọdé fi ń sọ pé ó ti bàjẹ́, agbọ́n tíńtín tó ń bá a gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri ló pọ̀ jù nínú wọn. Bàbá kan náà ló bí gbogbo wọn, àti ọ̀dán tí a ń gbìn sójú ọjà fún ibòji, àti ìpín tí ewé rẹ̀ ń ha ọwọ́ tí a fi ń bó igbá. Àwọn onímọ̀ igi kó wọn sí abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Ficus, wọ́n sì lé ní 700 irú káàkiri ayé. Ficus carica ni ti Toronto. Ficus sur ni ọ̀pọ̀tọ́ wa. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àwọn Mùsùlùmí wa ní Adó náà mọ èso yìí, nítorí súrà 95 nínú Kùránì fi í búra, wọ́n sì ń pè é ní tíìnì. Orúkọ tó dára ni, ẹni tó bá wù kó máa lò ó. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kọ̀wé fún gbogbo ilé, ọ̀pọ̀tọ́ ni gbogbo wa jọ ní. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé nínú gbólóhùn kan, ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀pọ̀tọ́ igbó àti ọ̀pọ̀tọ́ òyìnbó. Mo mọ̀ pé apá Ìwọ̀-Oòrùn Éṣíà ni orírun ti òyìnbó yẹn. Gúúsù Amẹ́ríkà náà ni ọ̀pẹ òyìnbó ti wá, orúkọ rẹ̀ kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ọ̀nà tí ọ̀gbìn gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni “òyìnbó” ń sọ, kì í ṣe ilé bàbá rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ òtútù, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀.

Àwọn kan ní “ọ̀pọ̀tọ́ ọyẹ́”. Rárá o. Ọyẹ́ ń la ètè, ó ń gbẹ ewé, ó ń mú kí ara máa fún ni, ṣùgbọ́n omi inú ìkòkò wa kì í dì nítorí ọyẹ́. Ní Toronto, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dì. Àwọn kan dábàá “akọ̀tútù”, igi tó kọ òtútù. Àǹtí wa láti Ọ̀mùò mú “òtútù-ò-ràn-án” wá, tó dùn létí bí orúkọ oògùn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí igi náà. Igi ọ̀pọ̀tọ́ òyìnbó tó ti wọ́wé, tó ń sinmi, lè fara da òtútù díẹ̀. Bí ó bá ti wá tó nǹkan bí ìwọ̀n 10 sí 12 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Òtútù Toronto lè dé 20 nísàlẹ̀ òdo. Gbogbo ohun tó wà lókè ilẹ̀ á dúdú, á gbẹ, bí ẹ bá fi èékánná ha èèpo rẹ̀ ẹ ò ní rí àwọ̀ ewé kankan lábẹ́ rẹ̀. Gbòǹgbò nìkan ló yè, nítorí ilẹ̀ bò ó, yìnyín tún bo ilẹ̀. Ìgbà tí ooru bá dé, ọ̀mùnú tuntun á yọ láti ìdí. Òtútù ràn án. Kò kọ òtútù. Ó ti ìdí sọ ni.

Nítorí náà, àbá tèmi ni pé ọ̀rọ̀ méjì la nílò. Igi tí ẹ̀ka rẹ̀ la òtútù já, tó rúwé lórí igi àná, ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní afaradòtútù. Èyí tó kú dé ilẹ̀ tó sì hù padà, ẹ jẹ́ ká pè é ní atìdísọ. Ó rọ̀ lẹ́nu, àgbẹ̀ tí kò ka ìwé á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́nu àwa ará Èkìtì, á di atùdísọ, kò sì burú.

Ẹnìkan á ní kí ni mo ń la irun sí méjì fún. Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ bóyá ẹni tó ni igi máa jẹ èso tàbí kò ní jẹ. Ọ̀pọ̀tọ́ òyìnbó lè so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: èso àkọ́kọ́ lórí ẹ̀ka ọdún tó kọjá, èso kejì lórí ọ̀mùnú ọdún yìí. Atìdísọ ti pàdánù èso àkọ́kọ́ pátápátá, nítorí ẹ̀ka tí ì bá gbé e ti kú. Èso kejì nìkan ló kù fún un, ó sì ní láti gbó kí òtútù tó padà dé. Irú mìíràn wà tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yè dáadáa ṣùgbọ́n tí èso rẹ̀ kì í rí ọjọ́ gbó. Ẹni tí wọ́n bá ta irú bẹ́ẹ̀ fún pẹ̀lú orúkọ “òtútù ò ràn án” á máa wo ewé lásán lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ará Ítálì ní Toronto àti ní New York fi ń ṣe làálàá lórí igi wọn. Wọ́n á gé gbòǹgbò rẹ̀ lápá kan, wọ́n á tẹ odindi igi dùbúlẹ̀ sínú kòtò, wọ́n á fi pákó, ewé àti erùpẹ̀ bò ó títí ooru á fi dé. Àwọn mìíràn á fi aṣọ àti ọ̀rá wé e lórí ìdúró. Ọwọ́ ènìyàn ló sọ atìdísọ di afaradòtútù nígbà yẹn.

Lórí irú tí a kò mọ̀, a rí “àìmọ̀”, a sì rí “aláìlórúkọ”. Àìmọ̀ ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ipò ẹni tí kò mọ nǹkan ni, ti ènìyàn ni, kì í ṣe ti igi. Aláìlórúkọ kò sì tọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí igi yìí ní orúkọ tí bàbá tó gbìn ín mú lọ sí sàréè. A kàn ò tíì dá a mọ̀ ni. Mo dábàá àìdámọ̀: ọ̀pọ̀tọ́ àìdámọ̀. Bí ẹ bá gbà á, dídámọ̀ náà á wọlé fún iṣẹ́ wíwá irú rẹ̀.

Kí àbúrò wa mọ̀ pé iṣẹ́ náà le o. Kí ó má fi ewé nìkan dá a mọ̀, orí ẹ̀ka kan ṣoṣo lè ní ewé tó la mẹ́ta àti èyí tó la márùn-ún. Kí ó wo àwọ̀ èso níta àti nínú nígbà tó bá pọ́n tán, kí ó wo gígùn ìdí tó so mọ́ igi, kí ó wo ojú kékeré tó wà ní òdìkejì ìdí yẹn, tí èmi á pè ní ìdodo rẹ̀, bóyá ó là sílẹ̀ tàbí ó pa dé. Ohun kan ti dájú ná. Agbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀tọ́ òyìnbó kò sí ní Toronto, irú tó bá sì nílò agbọ́n, èso rẹ̀ á já dànù láìgbó ni. Níwọ̀n bí ti àbúrò wa ti ń gbó lórí ọ̀mùnú tuntun, ó jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí kò nílò agbọ́n rárá. Èso àkọ́kọ́ jẹ́ àmì tí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń wá, atìdísọ kì í sì í fi í hàn. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó wé ẹ̀ka kan tàbí méjì lọ́dún yìí kí wọ́n lè yè.

Mo rí i pé àwọn kan ti ń sọ fún un pé Hardy Chicago ni, irú ọ̀pọ̀tọ́ òyìnbó kan tí wọ́n ń tà, nítorí ó dúdú, nítorí òtútù. Sùúrù. Igi dúdú tó ń ti ìdí sọ pọ̀. Hardy Chicago náà ni wọ́n ń tà níbòmíràn pẹ̀lú orúkọ Bensonhurst Purple, tí í ṣe orúkọ àdúgbò kan ní Brooklyn. Irú mìíràn ni Brown Turkey: èyí tí wọ́n ń tà ní California kì í sì í ṣe Brown Turkey ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ méjì fún igi kan, igi méjì lábẹ́ orúkọ kan. Àwọn àgbẹ̀ wa gbọ́n ju èyí lọ: nígbà tí iṣu kan dé láti òkè ọya, Gàǹbàrí ni wọ́n pè é, ìyẹn ti sọ ibi tó ti wá, wọn ò purọ́ mọ́ ọn.

Ó ku sísọ igi kan di púpọ̀. “Ìmúbísí” ni ọ̀pọ̀ yín fẹ́, torí “ẹ máa bí sí i, kí ẹ sì máa rẹ̀” inú Jẹ́nẹ́sísì. Ọ̀rọ̀ tó lọ́lá ni, ṣùgbọ́n bíbí ti wọ inú rẹ̀. Hóró ọ̀pọ̀tọ́ ló ń bí ọmọ, ọmọ náà á sì jọ bàbá, á jọ ìyá, kò ní jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀ka tí a gé, igi yẹn gan-an ni, kò yí padà. Bí àbúrò wa bá gbin hóró, igi bàbá ará Ítálì yẹn ti parẹ́ nìyẹn. Àwọn tó dábàá “lọ́”, bí Bíbélì ṣe lò ó nínú Róòmù orí 11, fífi ẹ̀ka igi kan sára kùkùté òmíràn nìyẹn, a ò nílò rẹ̀ níbí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ wà lóko wa: èbù. Bí a bá gé Gàǹbàrí ní èbù, Gàǹbàrí la ó wà. Bàbá wa láti Ẹ̀fọ̀n ní iṣu nìkan ló ni èbù, pé igi ẹ̀gẹ́ là ń sọ fún ti ẹ̀gẹ́, kí a sọ igi ọ̀pọ̀tọ́ bákan náà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí àbúrò wa bá kọ ọ́ pé òun fún ọ̀rẹ́ òun ní igi ọ̀pọ̀tọ́, ta ni yóò mọ̀ bóyá odindi igi ló wú fún un? Èbù ọ̀pọ̀tọ́ kò ní àṣìgbọ́. Èyí tó bá ta láti ìdí, tí a yọ tòun ti gbòǹgbò, ọmọ ni, bí a ṣe ń sọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Iṣẹ́ náà lápapọ̀ wá di gígé lébùú.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nìyí: Nígbà tí ọ̀pọ̀tọ́ bá ti wọ́wé tán, kí òtútù líle tó dé, ẹ gé èbù tó nípọn tó pẹ́ńsù, tó gùn tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, tó sì ní oríkèé mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kí oje rẹ̀ kan ara yín nínú oòrùn, ó ń jó awọ. Ẹ gbìn ín sínú erùpẹ̀ tó rọ̀, kí oríkèé kan yọ sókè. Kí erùpẹ̀ náà rin, kó má ṣe tutù rinrin, àpọ̀jù omi ló ń rà á. Ẹ fi ọ̀rá tó mọ́lẹ̀ kedere bò ó, ẹ gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ilé. Ewé lè yọ kí gbòǹgbò tó ta, nítorí náà ẹ má fà á wò. Ẹ má sì gé èbù lára igi tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú káàkiri, àrùn mósáíìkì ń bá èbù lọ.

Kí ó wá so àkọlé mọ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan: “Ọ̀pọ̀tọ́ àìdámọ̀, dúdú, atìdísọ, Toronto”, kí ó fi orúkọ àdúgbò rẹ̀ kún un. Ẹni tó bá gba èbù lọ́wọ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún má yí àkọlé náà padà, kí ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí a bá dá ọ̀kan mọ̀, a ti dá gbogbo wọn mọ̀.