Owó ìkọ́lé ń wọlé, ẹrù inú ilé ń tán lọ: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ mùsíọ̀mù ogun Kírìjì?

Ọmọ Ààlà

Ẹ kú ilé o. Pátì mọ́tò ni mò ń tà ní Ládìpọ̀, n kì í ṣe òpìtàn, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe mi. Òkè-Mẹ̀sí ni bàbá mi ti wá, ọmọ Ìgbájọ ni ìyá mi. Ẹni tó bá mọ ìtàn á ti máa rẹ́rìn-ín: ogun Kírìjì ni Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀ jà, ìyẹn àpapọ̀ Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn mìíràn. Ibùdó Èkìtìparapọ̀ nìyí, ibùdó Ìbàdàn nìyẹn, àárín wọn ni wọ́n bí èmi sí. Lónìí, ààlà ìpínlẹ̀ Èkìtì àti Ọ̀ṣun ló gba agbègbè ibẹ̀ kọjá. Bí a bá kanlẹ̀kùn níhìn-ín, wọ́n á ní ọ̀hún ló ni ín. Bí a bá dé ọ̀hún, wọ́n á ní ẹ padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀.

Àwa mọ́kànlá la kóra jọ lọ́dún tó kọjá pé ká kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun Kírìjì sí ẹ̀bá ààlà yẹn. Kò sẹ́ni tó ń jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Owó ìkọ́lé sì ń wọlé, torí àwọn ọmọ wa lókè òkun fẹ́ràn ilé. Fi àwòrán alájà méjì tó ní gíláàsì ránṣẹ́ sí wọn, wọn ó ti dáhùn kílẹ̀ tó ṣú. Sọ pé o fẹ́ fowó epo lọ gba ìtàn lẹ́nu àwọn arúgbó, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá pè ọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ohunkóhun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tó dé, ọwọ́ ẹni tó ti wá. Mo ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹrù ogun yìí. Ohun mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kìn-ín-ní ni ìbọn ṣakabùlà tí bàbá bàbá mi gbé sórí àjà. Ìwo ẹ̀tù kan wà tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, ọta irin mẹ́rin tí kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ, àti ẹ̀wù ogun kan tí ikán ti jẹ àwọn oògùn ara rẹ̀ tán, tó ku okùn. Nọ́ńbà kẹsàn-án, idà ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo ní n óò padà wá gbé e. Nígbà tí mo fi máa padà, ọmọ onílé ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n sì gbé e sórí òṣùwọ̀n pọ̀ mọ́ sílíńsà mọ́tò. Ìyá àgbà kan tún wà tó mọ orin táwọn obìnrin ń kọ bí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ lọ sí ibùdó. Oṣù méjì la fi ń sọ pé a ń bọ̀ wá gbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Òkú rẹ̀ la lọ sin.

Ìbọn ṣakabùlà náà kò bọ́. Mo fi ṣọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Kí n tó dé, ó ti fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo igi ìdí rẹ̀, tó ń dán bí bọ́ńpà. Ó ní òun ń ran mùsíọ̀mù lọ́wọ́.

Ìbéèrè mi: ṣé ilé ló yẹ ká kọ́kọ́ kọ́ ni, àbí ẹrù ló yẹ ká kọ́kọ́ kó? Ẹnìkan tún dábàá pé ká gbé ìbọn yẹn lọ sí Amẹ́ríkà, ká fi ṣe ìfilọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Kẹ́hìndé, Houston

Ẹ kú akitiyan, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yín pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ má bínú.

Mùsíọ̀mù kan wà ní Houston níbí tí mo máa ń kó àwọn ọmọ mi lọ, Buffalo Soldiers National Museum. Ìtàn àwọn ọmọ ogun dúdú ló wà níbẹ̀. Ọdún 1866, tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní bí ọdún kan, ni ìjọba ṣòfin pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Lọ́dún 1869 wọ́n pa wọ́n pọ̀ di mẹ́rin: ẹlẹ́ṣin kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ẹlẹ́sẹ̀ ìkẹrìnlélógún àti ìkarùndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ni. Dọ́là 13 lóṣù lowó wọn. Ilẹ̀ ààlà níwọ̀ oòrùn ni wọ́n kó wọn lọ, Texas, Kansas, New Mexico, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ̀nà, kí wọ́n máa kọ́ bárékè, kí wọ́n máa ta wáyà tẹligíráàmù, kí wọ́n sì máa bá àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn Indian, jà. Àwọn onílẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ní ó fún wọn lórúkọ Buffalo Soldiers, pé irun wọn jọ irun ẹfọ̀n.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Paul J. Matthews, tó jagun ní Vietnam, ló dá mùsíọ̀mù náà sílẹ̀ lọ́dún 2001. Kí ọdún yẹn tó pé ni ọkùnrin náà ti ń kó ẹrù jọ, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Ilé ràgàjì tí wọ́n wà nísinsìnyí, ilé ìkóhun-ìjà-sí àtijọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1925 ni, ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó kó lọ síbẹ̀. Ẹrù ló ṣáájú. Ìgbà tí ẹrù kún ọwọ́ ni ilé wá di dandan.

Èyí tó máa ń pa àwọn ọmọ mi lẹ́nu mọ́ ni ọ̀rọ̀ Cathay Williams, obìnrin tó múra bí ọkùnrin, tó yí orúkọ rẹ̀ po sí William Cathay, tó sì wọṣẹ́ ológun ní 1866. Ó tó bí ọdún méjì kí dókítà tó já a. Ẹ kò lè rí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lára gíláàsì alájà méjì. Àbí kò sí obìnrin ní Kírìjì ni? Àwọn tó gbé oúnjẹ yẹn ń kọ́?

Bàbá Akóhunpamọ́

Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mùsíọ̀mù. N óò sọ ọ́ ṣókí.

Ẹ má gbé ohunkóhun lọ sí Amẹ́ríkà. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í kúrò ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ̀mù, fún un níwèé àṣẹ. Bí wọ́n bá mú yín ní pápákọ̀ òfuurufú, ìfilọ́lẹ̀ ti di ẹjọ́ nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò tó.

Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè. Wọ́n á ní kí ẹ polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹ sì fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní àtakò. Láìsí èyí, orúkọ ènìyàn kan ni owó yẹn wà, ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe ń parí.

Ní ti ìpẹtà: kò sí epo pupa, kò sí yanrìn, kò sí sáńpépà. Àágùn ọwọ́ gan-an ń jẹ irin, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ibi gbígbẹ ni kí ẹ gbé e sí, kí ó má fara kan sìmẹ́ǹtì. Ọ̀dà yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi dé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ló kù. Ẹnu ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀tù sí ṣakabùlà, ẹ kò lè la ìdí rẹ̀ wò. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń yìn ín. Ẹ wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ rọra tì í bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀, ẹ fi bírò sàmì síbi tó dé, ẹ fà á yọ. Kí ẹ wá tẹ́ igi náà sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn lóde. Bí kò bá dé ibi ihò iná lọ́wọ́ ìdí, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù kì í mọ̀ pé ogun ti parí.

Mesí Ọ̀gọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ pe ilé náà gan-an? Torí mo rí ìwé ìkówójọ kan lórí WhatsApp tí wọ́n kọ "Akọni Èkìtìparapọ̀" sí lórí. Bó bá jẹ́ tiyín ni, ẹ má retí náírà kan láti Ìbàdàn. Àwọn tiwa náà kú síbẹ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí wa ní Ìbàdàn, kú síbùdó lọ́dún 1885, ogun kò sì tíì parí. Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun yín, pàápàá, Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ ogun.

Ọmọ Ààlà

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mesí Ọ̀gọ̀, òótọ́ lẹ sọ, tiwa ni ìwé yẹn, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, ìdajì mi ló tẹ̀ ẹ́. "Kírìjì" lásán ni a óò máa pè é. Ìró àgbá ló bí orúkọ yẹn, ìró kan náà sì ni ìhà méjèèjì gbọ́. Mo fẹ́ kí yàrá kan wà fún àwọn àlùfáà méjì yẹn pẹ̀lú, Samuel Johnson àti Charles Phillips, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín ibùdó títí ìhà méjèèjì fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lọ́dún 1886. Síbẹ̀ 1893 ni àgọ́ tó tú.

Ìyá Kẹ́hìndé, mo ti lọ bá ọmọ ìyá àgbà yẹn. Ó rántí orin méjì. Mo fi fóònù gbà á, àdìyẹ ń ké nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lọ́wọ́. Nọ́ńbà kẹrìnlélógún.

Ọmọ Ààlà

Bàbá, mo wá igi. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo lò. Mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn, ó fi ìka mẹ́rin kù kó dé ibi ihò iná. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ìka mẹ́rin náà ni.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọbìnrin mi ni ìbọn yẹn wà láti oṣù kẹfà.

Mo ti kó gbogbo wọn jáde sílé àǹtí wọn. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ó lè jẹ́ ilé agbọ́n ni, kí òun rọra gbọ̀n ọ́n wò. Mo ní tó bá fọwọ́ kàn án, òun àti iṣẹ́ ti parí. Ta ni mo máa pè báyìí, ṣé àwọn ọlọ́pàá tó ń tú bọ́ǹbù ni, àbí ẹ mọ ẹnìkan?

Bàbá Akóhunpamọ́

Àwọn náà ni. Ẹ sọ fún wọn láti orí fóònù pé ìbọn àtijọ́ ni, pé ti mùsíọ̀mù ni, kí wọ́n má bàa gé e. Ẹ mú ìwé nọ́ńbà yín dání.