Ṣé epo olówó gọbọi máa ń pẹ́ nínú mọ́tò lóòótọ́?

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò ní Ìlú Ọba, ẹ kú làálàá o. Toyota Yaris kékeré kan ni mo ń wà ní Manchester níbí. Wọ́n kọ ọ́ sí ìdérí ojú epo rẹ̀ pé octane 95 ló ń mu. E10, tó ti di epo gbogbo gbòò láti 2021, ni mo ń rà. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wá ń fúngun mọ́ mi pé kí n bọ́ sí E5, ìyẹn super unleaded olówó gọbọi tí octane rẹ̀ ga ju ti E10 lọ, pé epo mi ò ní tètè máa tán mọ́.

Bó ṣe yé mi, octane kì í ṣe agbára. Òun ni kì í jẹ́ kí epo gbiná ṣáájú àsìkò, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa dún kọ̀kọ̀kọ̀. Àmọ́ ethanol (ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù) inú E10 lè tó 10%, ti E5 kì í ju 5% lọ, ethanol ò sì lágbára tó bẹntiróòlù. Ìjọba fúnra wọn sọ pé ìyàtọ̀ tí E10 ń mú wá nínú bí epo ṣe ń pẹ́ sí tó nǹkan bíi 1%. Owó tí wọ́n ń gbé lé super ládùúgbò wa sì ju ìyẹn lọ fíìfíì!

Ta ló ti lo méjèèjì lójú ọ̀nà kan náà, tó sì ṣírò rẹ̀? Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.