Ẹ̀fẹ̀ wo ni mo lè fi sọ irú ẹni tí mo jẹ́ níwájú àwọn àna mi?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ìlọrin ni mo ti fẹ́ fẹ́yàwó. Bàbá ìyàwó ní lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí n fẹnu ara mi sọ irú ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tí mo fẹ́ràn, kí n sì pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fẹ́ràn wàrà díndín gbígbóná tí wọ́n fi ata gígún wọ́n sí i, àti orin dàdàkúàdà Odòlayé Àrẹ̀mú, olórin Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wá fi "ìjàkàdì lorò Ọ̀fà" bẹ̀rẹ̀, ó ní ṣé mo fẹ́ bá àna jà ni. Ìdílé náà wù mí gan-an, n kò fẹ́ ṣe àrífín. Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin, ẹ̀fẹ̀ wo ni àwọn àgbà yín máa ń gbà tẹ̀ríntẹ̀rín lẹ́nu ọkọ ọmọ wọn?